Pàǹtí tó ń tinú ìtọ́jú ẹsẹ̀ jáde: Ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ṣe pedicure àti àwọn tó ń gé èékánná ní Ore àti Odígbó mọ̀

Réésà tí wọ́n fi gé èékánná ẹnì kan nínú gáréèjì Ore kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọ́ sí gọ́tà, ó lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí àgbàrá òjò tó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé onílé tàbí ojú ọ̀nà oko, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń sáré láì wọ bàtà. Ohun tí wọ́n fi tún ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣe lè wá gé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká kì í ṣe ti iléeṣẹ́ epo àti àwọn agégẹdú nìkan. Ó kan nọ́ọ̀sì tó ń di egbò, ó kan obìnrin tó ń ṣe pedicure ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì kan ẹni tó ń gbé àlùmọ́gàjí kiri láti gé èékánná. Nínú àlàyé yìí, a ó sọ irú pàǹtí tí iṣẹ́ wọn ń mú jáde, ewu tó wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe nípa rẹ̀ níbòmíràn, àti ohun tí a lè ṣe níbí láì náwó rẹpẹtẹ.

ÀWỌN WO LÓ Ń TỌ́JÚ ẸSẸ̀?

Ní ìlú Ọba, wọ́n ní àwọn tó kàwé gboyè lórí ìtọ́jú ẹsẹ̀ nìkan. Podiatrist ni wọ́n ń pè wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè fi orúkọ yẹn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí òfin yàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó yàtọ̀ síra ló pín iṣẹ́ náà ṣe.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wẹ egbò, tí wọ́n ń di egbò, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ilé ìwòsàn aládàáni àti ní àwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Àwọn mìíràn nínú wọn máa ń lọ bá aláìsàn nílé.

Àwọn kejì ni àwọn tó ń ṣe pedicure ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná. Àwọn ló ń rẹ ẹsẹ̀ sínú omi, tí wọ́n ń ha gìgísẹ̀ tó sán, tí wọ́n ń kun kútẹ́ẹ̀sì.

Àwọn kẹta ni àwọn tó ń gé èékánná kiri ojú pópó, gáréèjì àti ọjà, tí a máa ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí wọn ká tó rí wọn. Wọ́n pọ̀ ní ìlú bíi Ore, nítorí ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ni ìlú náà wà, oríta rẹ̀ ló sì gba ará Oǹdó àti ará Òkìtìpupa. Arìnrìn-àjò tó ń dúró de ọkọ̀ máa ń ráyè na ẹsẹ̀ fún wọn.

Àwọn kẹrin ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń wo egbò àti ẹsẹ̀ tó rún. Gbogbo wọn pátá, ibi iṣẹ́ wọn kò jọra, àmọ́ pàǹtí tí wọ́n ń dà nù jọra gan-an.

KÍ NI WỌ́N Ń DÀ NÙ?

Ẹ jẹ́ ká pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò kàn da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú lọ́rà kan ni.

1. Ohun tó mú: réésà, abẹ dókítà, abẹ́rẹ́, ìgò oògùn tó fọ́.

2. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún ti kàn: òwú, gọ́ọ̀sì, bàǹdéèjì, ìbọ̀wọ́, awọ òkú tí wọ́n ha kúrò lára egbò.

3. Ohun olóró: acetone tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, kútẹ́ẹ̀sì tó ti gan, gọ́ọ̀mù èékánná, bílíìṣì.

4. Pàǹtí lásán: páálí, bébà, lọ́rà tí wọ́n fi tẹ́ bàsíà, ike ọṣẹ àti ike ìpara, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú 100 ìwọ̀n pàǹtí tó ń jáde nílé ìwòsàn, nǹkan bíi 85 ló jẹ́ pàǹtí lásán tí kò yàtọ̀ sí ti ilé wa. 15 péré ló léwu. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá ju abẹ́rẹ́ kan tàbí gọ́ọ̀sì ẹlẹ́jẹ̀ kan sáàárín 85 yẹn, gbogbo rẹ̀ ti di eléwu nìyẹn. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń sọ pé ibi tí wọ́n ti lo nǹkan ni kí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tó bá dé ààtàn.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ Ọ̀RỌ̀ ÀYÍKÁ?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni, ààtàn kì í kọ ọ́. Àmọ́ àwọn èèyàn wà lórí ààtàn náà: akódọ̀tí tó ń fi ọwọ́ lásán gbé àpò, àwọn tó ń ṣa irin àti ike, àti ọmọ tí wọ́n rán lọ dalẹ̀ nù.

Ewu àkọ́kọ́ ni ti àrùn. Kòkòrò àrùn Hepatitis B, èyí tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà, lè wà láàyè lórí nǹkan tó ti gbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá ti kúrò lára èèyàn. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi àgbàlagbà 8 nínú 100 ló ní àrùn yìí lára, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Tí ẹ bá wá rò ó pé réésà kan náà lè kan ẹsẹ̀ èèyàn márùn-ún kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní kékeré.

Ewu kejì ni ti iná. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé tí a bá ti dáná sun ún, ó ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ike, ìbọ̀wọ́ àti lọ́rà bá ń jó ní gbangba, iná náà kì í gbóná tó láti jó wọn tán. Èéfín rẹ̀ máa ń gbé májèlé kan tí wọ́n ń pè ní dioxin jáde, èyí tó lè fa jẹjẹrẹ, tó sì máa ń pẹ́ gan-an nínú ilẹ̀ àti nínú ọ̀rá ẹran tí a ń jẹ. Torí irú májèlé bẹ́ẹ̀ làwọn orílẹ̀-èdè ṣe fọwọ́ sí àdéhùn Stockholm lọ́dún 2001, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Réésà pàápàá kì í jóná. Inú eérú ló máa wà, tí yóò máa dúró de àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó bá kọjá.

Ewu kẹta ni ti omi. Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó jẹ́ ilẹ̀ igbó, odò àti oko kòkó. Igbó ọba Oluwa wà níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ dáadáa. Ohun tí a bá dà sí gọ́tà ní Ore kì í dúró ní Ore. Acetone àti kútẹ́ẹ̀sì tí a dà sílẹ̀ lẹ́bàá kànga lè wọ inú omi tí a ń mu. Lọ́rà tí wọ́n fi tẹ́ bàsíà máa ń dí gọ́tà, omi á dúró, ẹ̀fọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé síbẹ̀.

Ewu kẹrin ni ti ara àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Toluene àti formaldehyde wà nínú àwọn kútẹ́ẹ̀sì kan. Ẹni tó bá ń fà á símú láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé lè máa ní orí fífọ́, òòyì àti ojú títa. Acetone náà máa ń tètè gbiná, kò yẹ kó wà nítòsí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀.

ÀTỌ̀GBẸ: IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI LE JÙ

Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá ti pẹ́ lára rẹ̀ lè má mọ nǹkan lára mọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ìṣó lè gún un, réésà lè gé e, kó má mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kó tó bọ́ bàtà, egbò ti wà níbẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sì jẹ́ kí egbò náà tètè jiná.

Láàárín ọdún 2016 sí 2017, àwọn dókítà ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn ńlá 6 káàkiri Nàìjíríà lórí aláìsàn 336 tí egbò àtọ̀gbẹ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nǹkan bíi 35 nínú 100 wọn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ wọn. Nǹkan bíi 20 nínú 100 ló kú.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ìlera àti àyíká ti pàdé níbí. Réésà tí a jù sílẹ̀ lè dá egbò sí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Egbò náà yóò gba gọ́ọ̀sì, ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti omi oògùn fún oṣù bíi mélòó kan. Gbogbo ìyẹn náà yóò tún di pàǹtí. Egbò kan tí a kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ rárá ti gba ẹsẹ̀ là, ó ti gba owó là, ó sì ti dín ìdọ̀tí kù. Kò sí oògùn ìtọ́jú àyíká tó dára ju pé kí a dènà egbò lọ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń ṣe pedicure fi réésà ha gìgísẹ̀ alátọ̀gbẹ, tàbí kó rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Kó tó gbé bàsíà kalẹ̀, kó kọ́kọ́ bi oníbàárà léèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà?" Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó rán an lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE NÍBÒMÍRÀN

Lọ́dún 2019, àjọ Health Care Without Harm gbé ìròyìn kan jáde pé iṣẹ́ ìlera lágbàáyé ló ń fa nǹkan bíi 4.4 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná. Wọ́n ní tó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè ni iṣẹ́ ìlera, òun ni ìbá ṣe ìkarùn-ún nínú àwọn tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ jù.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ní England, ìyẹn NHS, kéde pé tó bá máa fi di ọdún 2040, àwọn kò ní máa fi iṣẹ́ tí àwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe dá kún afẹ́fẹ́ búburú náà mọ́. Fún èyí tó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan fún wọn, ọdún 2045 ni wọ́n dá. Lọ́dún 2022 wọ́n fi í sínú òfin. Àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ lábẹ́ NHS, tó fi mọ́ àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀, kò lè sọ pé kò kan àwọn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ mìíràn ló la àwọn èèyàn lójú. Lọ́dún 2000, ní ìlú Watsonville ní California, àwọn oníbàárà tó lé ní 100 tó lọ ṣe pedicure ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní eéwo tí kò lọ bọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ wò, wọ́n rí irun àti awọ òkú tó ti há sínú ibi tí omi ń gbà wọlé, kòkòrò sì ti gbilẹ̀ níbẹ̀.

Nílẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n ti fòfin de èròjà kan tí wọ́n ń pè ní TPO nínú gel èékánná, nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí. Ẹni tó bá ń ra gel ní ọjà wa, kó máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ike.

ṢÉ KÁ LÒ Ó LẸ́Ẹ̀KAN KÁ SỌ Ọ́ NÙ, ÀBÍ KÁ FỌ̀ Ọ́ KÁ TÚN UN LÒ?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a lò lẹ́ẹ̀kan dáàbò bo oníbàárà, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìdọ̀tí pọ̀. Ohun tí a fọ̀ tún lò ń dín ìdọ̀tí kù, ṣùgbọ́n tí a kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ó ń pín àrùn kiri.

Ìlànà tó rọrùn nìyí. Ohunkóhun tó bá wọ inú ara tàbí tó gé awọ, tí a kò sì ní ẹ̀rọ autoclave láti fi pa kòkòrò ara rẹ̀, ẹ lò ó fún ẹnì kan ṣoṣo. Réésà àti abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Ẹ má ṣe torí àyíká lo réésà kan fún ẹni méjì.

Àwọn irin bíi àlùmọ́gàjí, ìgékànná àti ìfàgbè lè lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílé ìwòsàn, inú autoclave ló yẹ kí wọ́n gbà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní in, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, nítorí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ohun tó dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ ẹ́ sínú omi bílíìṣì fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ kó má baà dógùn-ún. Tí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike bílíìṣì yín, ife kan sí ife omi mẹ́fà ni. Ẹ pò ó ní tuntun lójoojúmọ́, kí ẹ pò ìwọ̀n tí ẹ máa lò. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ acetone tàbí omi ìfọṣáláńgá láé, afẹ́fẹ́ olóró ló máa ń jáde níbẹ̀.

Bàsíà náà, ọṣẹ lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà bílíìṣì. Tí ẹ bá ń ṣe èyí, ẹ ò nílò kí ẹ máa tẹ́ lọ́rà tuntun síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Táwẹ́ẹ̀lì tí a lè fọ̀ kí a sá sóòrùn dára ju tíṣù lọ, tó bá ti jẹ́ pé oníbàárà kan, táwẹ́ẹ̀lì kan.

Ẹ má sì gbàgbé ohun ìbílẹ̀ wa. Kànìnkànìn máa ń jẹrà padà sínú ilẹ̀, kànìnkànìn oníke kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Làálì kì í lo acetone. Òkúta tí ìyá wa fi ń ha gìgísẹ̀ lè pẹ́ títí. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé olúkúlùkù ló yẹ kó ní tirẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ LÈ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Fún nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera:
– Ẹ ju abẹ́rẹ́ àti abẹ sínú safety box lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dé abẹ́rẹ́ padà. Tí àpótí náà bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ tì í pa.
– Tí ẹ bá lọ di egbò nílé aláìsàn, ẹ gbé pàǹtí yẹn padà sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé láti dà nù.
– Ẹ ṣí gọ́ọ̀sì tí ẹ máa lò nìkan. Èyí tí ẹ ṣí tí ẹ kò lò náà ti di pàǹtí.
– Ẹ kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́.

Fún àwọn tó ń ṣe pedicure:
– Ẹ gba oníbàárà níyànjú kó ra ìgékànná tirẹ̀, kó máa gbé e wá.
– Ẹ lo garawa méjì: ọ̀kan fún pàǹtí lásán, èkejì tó ní ìdérí fún èyí tí ẹ̀jẹ̀ kàn.
– Ẹ má da acetone sí gọ́tà. Ẹ tú ìwọ̀nba tí ẹ máa lò sórí òwú, kí ẹ dé ìgò náà pa.
– Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Fún àwọn tó ń gé èékánná kiri:
– Ẹ so ike líle tó ní ìdérí mọ́ àpò yín. Ibẹ̀ ni réésà tí ẹ bá ti lò yóò máa wọ̀.
– Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ "RÉÉSÀ" sára rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín fi kún tiwọn. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà á sí ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ láti rí sí kíkó ìdọ̀tí. Ìyẹn ni pé Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Ore, ni ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a óò kàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní àjọ tó ń rí sí pàǹtí. Ní ti ìjọba àpapọ̀, NESREA, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, ló ń rí i pé wọ́n ń pa òfin àyíká mọ́, wọ́n sì ṣe ìlànà lórí ìmọ́tótó àti pàǹtí lọ́dún 2009.

Àmọ́ òfin nìkan ò lè gbé garawa sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ètò ìkọ́jọ ló kù: kí ẹgbẹ́ àwọn onídìrí àti àwọn tó ń ṣe èékánná jókòó pẹ̀lú ẹ̀ka ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n á máa kó ike réésà jọ sí ibùdó ìlera kan. Àwọn ibùdó tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń lo safety box tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn abẹ́rẹ́ yẹn ń gbà jáde ni réésà náà lè bá lọ.

ÌBÉÈRÈ NÍ ṢÓKÍ

Ṣé mo lè ri réésà mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé?
Rárá. Ẹni tó máa fi ọkọ́ ro ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Inú ike líle ni kó wọ̀.

Réésà gé mi níbi tí mo ti ń gé èékánná ńkọ́?
Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, ẹ má fún un, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n á yẹ̀ yín wò bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti oògùn tó ń dènà HIV. Oògùn náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa Hepatitis B náà.

Ṣé àjẹsára Hepatitis B wà fún àgbàlagbà?
Ó wà. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ àti réésà, tó fi mọ́ akódọ̀tí, yẹ kó bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa rẹ̀.

Kí ni èmi oníbàárà lè ṣe?
Kí ẹ tó na ẹsẹ̀, ẹ béèrè ohun méjì: "Ṣé réésà tuntun ni?" àti "Níbo lẹ máa jù ú sí?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń dáàbò bo ẹ̀yin. Ìkejì ń dáàbò bo ẹni tó máa gba ibẹ̀ kọjá lọ́la.